Ike Oògùn Tèmi àti ti Àbúrò Mi

Bí dókítà bá bi àbúrò mi ní ìbéèrè, èmi ni mo máa ń dáhùn. Kì í ṣe pé ó yadi. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni, ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́tàlélógún ló sì ń kọ́ ní jéléósinmi, níbi tí ẹnu kì í ti í sinmi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni nígbà tí ìyá wa wú láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ojú, tí wọ́n sì fi wá sílẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni èmi nígbà náà, mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, mo sì ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi lójoojúmọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹun, èmi ni wọ́n ń bi. Mo wá ń dáhùn fún un títí, n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́.

Jẹ́jẹ́ ni mo ń pè é, torí bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́ ni. Àǹtí mi ló ń pe èmi. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Ọ̀gá Télọ̀. Àwọn tí mo ti bá jà nítorí pé wọ́n ní kí n jẹ́ kí aṣọ fún mọ́ wọn lára ju bó ṣe yẹ lọ náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ìtọ̀ Jẹ́jẹ́ ń hó bí omi ọṣẹ, òun sì rò pé ọṣẹ tí mo fi ń fọ ilé ìgbẹ́ ni. Odindi ọdún kan ló fi pa ẹnu mọ́, kó má baà dà bíi pé ó ń sọ pé n kò ṣan ilé ìgbẹ́ dáadáa. Ìgbà tí ìbọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú àpá sílẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo tó wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kí n mú tèmi náà wá. Àìsàn tó pa ìyá wa ló wà lára àwa méjèèjì. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Tirẹ̀ ti rìn jìnnà, wọ́n sì sọ fún wa láìfi bò pé bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún méjì, ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Dókítà tó gbà wá síbi ìwádìí oògùn tuntun kan jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í kánjú. Ó mú pẹ́ńsù, ó ya àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé kan fún wa.

"Asẹ́ ni kíndìnrín," ni ó wí. "Ó yẹ kó jẹ́ kí omi àti ìdọ̀tí kọjá, kó sì di ohun tó wúlò fún ara mú. Purotéènì wà lára ohun tó yẹ kó dì mú. Tiyín ń jò. Èyí tó ń jò yẹn ló ń mú kí ìtọ̀ máa hó."

"Ta ló lu asẹ́ náà?" Mo bi í bí ẹni tó fẹ́ lọ bá onítọ̀hún jà nílé rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn baba ńlá yín ni, mà."

Ó wá ṣàlàyé. Láyé ọjọ́un, kòkòrò kan wà tí eṣinṣin kan máa ń ta sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ lára á máa sùn, á máa sùn, títí á fi sùn lọ pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn kan wá mọ bí a ṣe ń pa kòkòrò náà: ó ń ṣe purotéènì kan tó ń dá ihò sí i lára. Ẹni tó bá jogún àbùdá yìí lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ó jèrè ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá bíi tiwa, nígbà mìíràn purotéènì náà á kọjú sí onílé. Á máa dá ihò sí ara sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín, oríṣi iyọ̀ kan tó yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á máa jò jáde, sẹ́ẹ̀lì á kú, asẹ́ á sì ya.

Nígbà tí a délé, mo kọ́kọ́ bínú sí àwọn òkú tí n kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni àánú wọn ṣe mí. Ohun tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́, wọn ò mọ̀ pé yóò ṣe ìyá wa báyìí.

Oògùn tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ kàn ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù ni, kó má baà tètè fa asẹ́ náà ya tán. Èyí tuntun yìí yàtọ̀. Ó ń lọ bá ihò náà gan-an, ó sì ń dí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dán an wò. Ìdajì nínú wa á gba ojúlówó, ìdajì á gba òfìfo tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, tó sì jọ ọ́ bí ìbejì. Aláìsàn ò ní mọ èyí tí òun ń mu, dókítà pàápàá ò ní mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú inú rí ohun tí kò sí. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ike.

Nọ́ọ̀sì tó ń ka òfin fún wa fẹ́ràn kó máa sọ pé, "Ẹ dákun, ẹ jókòó," kódà fún ẹni tó ti jókòó. Ó ní kí oníkálùkù máa mu ọ̀kan láàárọ̀, kí a máa dá èyí tó bá ṣẹ́ kù padà lóṣooṣù fún kíkà, kí a sì máa gbé gbogbo ìtọ̀ ọjọ́ kan wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Ojú tì mí láti máa gbé kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ kọjá láàárín ìgboro. Mo rán àpò méjì tó ní ṣíìpù, mo fi aṣọ tó nípọn sínú wọn, mo fi bọ́tìnì ńlá ṣe ọ̀ṣọ́ sí wọn lójú. Oníbàárà mi kan rí i lọ́wọ́ mi, ó ní kí n bá òun rán irú ẹ̀. Mo ní irú ẹ̀ ti tán.

Nọ́ọ̀sì tún fún wa ní ìwé kan tó sọ ohun tí oògùn náà lè fà: orí fífọ́, kí inú máa ru. Mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mu oògùn mi, kó tó di ọ̀sán orí ti ń fọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì inú mi ru. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sórí àwọn ègé aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Inú mi sì ń dùn. Mo ní, oògùn ń ṣiṣẹ́.

Mo lọ bá Jẹ́jẹ́. Mo bi í bóyá orí ń fọ́ ọ. Ó ní rárá. Inú ńkọ́? Ó ní ebi ló ń pa òun. Kò tilẹ̀ gùnfẹ̀ẹ́. Ó hàn sí mi pé wọ́n ti fún èmi tí ara mi ṣì le ní ojúlówó, wọ́n sì ti gbé ẹfun lásán lé àbúrò mi lọ́wọ́.

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n fún wa ní ike tuntun ní ìparí oṣù kìíní, mo gbé méjèèjì sórí pẹpẹ inú ilé ìdáná bí a ti ń ṣe. Jẹ́jẹ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Mo da tirẹ̀ sínú abọ́, mo da tèmi sínú ike rẹ̀, mo wá da ti inú abọ́ sínú ike mi. Funfun ni méjèèjì, pẹlẹbẹ ni méjèèjì. Orin wà lẹ́nu mi bí mo ti ń ṣe é. Mo ní bí mo bá tilẹ̀ kú, ẹni tí mo tọ́ á wà láàyè, ó sì dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà ńkọ́? Mo ṣe é.

Láàárín ìgbà yẹn, àpá ìbọ̀sẹ̀ tún padà sí ọrùn ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ìdúró ló fà á, àwọn ọmọ jéléósinmi kì í jẹ́ kí tíṣà jókòó. Bàtà tèmi wá tóbi jù fún ẹsẹ̀ mi. Mo ní ìrìn ló fà á. Bí ènìyàn bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ, kò ní wá àlàyé tì.

Bí oṣù kẹrin ti ń parí lọ, wọ́n pe Jẹ́jẹ́. A jọ lọ, mo sì jókòó sáàárín òun àti tábìlì bí mo ti máa ń ṣe.

Dókítà ṣí fáìlì. "Ní oṣù kìíní, purotéènì tó ń jò lára yín lọ sílẹ̀ dáadáa," ni ó sọ fún Jẹ́jẹ́. "Inú mi ti ń dùn. Láti oṣù kejì ló ti ń gòkè padà, ó sì ti kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ti oṣù tó ń bọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, òfin ní ká yọ yín kúrò, ká sì kọ ọ́ pé ohun tí ẹ ń mu kò ràn yín lọ́wọ́."

Ó yíjú sí mi. "Tiyín, mà, kò yí padà ní oṣù kìíní. Láti oṣù kejì ló ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀."

Etí mi di. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Oṣù kìíní, ó mu tirẹ̀, ó ń yá. Oṣù kejì, mo fún un ní tèmi, ó ń burú. Mo ti ń gba oògùn lẹ́nu àbúrò mi fún oṣù mẹ́ta gbáko, tí mo sì ń kọrin sí i.

Dókítà béèrè bóyá ohunkóhun ti yí padà nílé. Jẹ́jẹ́ wò mí, torí èmi ni mo máa ń dáhùn.

"Rárá," ni mo wí.

Ohun tí mo pinnu nínú ọkọ̀ ni pé màá dá oògùn náà padà sínú ike tó yẹ wẹ́rẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Jẹ́jẹ́ wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ, mo wọ ilé ìdáná, mo sọ ike méjèèjì kalẹ̀, ìkánjú sì mú kí n da oògùn sílẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń ṣa á, nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí mi, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń kà á ni."

"Ẹ ń ka tiyín sínú ike tèmi?"

Irọ́ tán lẹ́nu mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un láti orí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀: orí fífọ́, ìwé, abọ́, gbogbo ẹ̀. Ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó. Mo retí kó kígbe. Ì bá kígbe, ì bá sàn fún mi.

"Oṣù mẹ́ta," ni ó wí.

"Mo rò pé tèmi ni ojúlówó. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni wàá mu ún."

"Ẹ ò bi mí."

"Bí mo bá bi ẹ́, o ò ní gbà."

"Mi ò ní gbà lóòótọ́. Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ bi mí nìyẹn." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Ká ní tiyín ni ojúlówó lóòótọ́ ńkọ́? Kí n máa jẹun, kí n máa lọ síbi iṣẹ́, kí n máa wò yín bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ ń wú bíi Màmá? Ṣé ẹ rò pé mo lè gbé irú ayé yẹn?"

Mo sọ pé kó jẹ́ ká dá a padà, ká dákẹ́, ara rẹ̀ á yá, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ pé oògùn náà ò ṣiṣẹ́ lára mi," ni ó wí. "Ẹlòmíì wà níbì kan tí ìtọ̀ tiẹ̀ náà ń hó, ohun tí wọ́n bá kọ ló ń dúró dè. Lọ́la, a ń padà lọ."

Kò pàṣẹ fún mi rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní ó dáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró níwájú dókítà bí ọmọ iléèwé tó fọ́ gíláàsì. Nọ́ọ̀sì ní kí n dákun, kí n jókòó, ṣùgbọ́n n kò lè jókòó. Mo sọ ọ́. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì gbé e lé orí fáìlì.

"Àádọ́fà èèyàn ló wà nínú ìwádìí yìí," ni ó wí níkẹyìn. "Òótọ́ ara wọn nìkan ni wọ́n ń fún wa. Ẹ ti da omi sí i, mà."

Ojú tì mí. Mo ti máa ń rò pé èmi àti àbúrò mi nìkan la wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn tó mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà ara ike kì í rí aláìsàn rárá, ibòmíràn ni wọ́n wà. Ó gba ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó fèsì. Òfìfo ni tèmi. Ti Jẹ́jẹ́ ni ojúlówó, láti ọjọ́ kìíní.

"Orí tó ń fọ́ mi ńkọ́?" ni mo béèrè.

"Ìwé tẹ́ ẹ kà ló fọ́ yín lórí, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu dókítà, ó sì tètè gbé e mì.

"Ohun tó dùn mí nínú ẹ̀," ni dókítà wí, "ni pé ẹni tó bá mu ojúlówó nínú ẹ̀yin méjèèjì ni ara rẹ̀ ń yá. Mo rí i kedere lórí ìwé, mi ò sì lè kà á mọ́ ohunkóhun."

Wọ́n yọ mí kúrò nínú ìwádìí. Wọ́n gbà kí Jẹ́jẹ́ máa bá oògùn tirẹ̀ lọ, kí wọ́n máa kọ tirẹ̀ sí ìwé ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ike rẹ̀ kò gbọdọ̀ wá sílé mọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù jéléósinmi ló wà báyìí, lẹ́yìn àwọn ìwé àwòrán, òun nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́. Ní tèmi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni n ó máa lò títí ìwádìí á fi parí, ó di ọdún kan àtààbọ̀. Kó tó dìgbà náà, kí asẹ́ tèmi náà máa jò. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń sọ fún ara mi pé bí mo bá tilẹ̀ kú kò burú, àṣé n kò fẹ́ kú rárá.

Jẹ́jẹ́ ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi ní ìrọ̀lẹ́, ó ń gbé oúnjẹ tí kò níyọ̀ kalẹ̀ níwájú mi, kò sì sọ ju ìyẹn lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ rán aṣọ kan fún un ní àkókò yẹn. Mo ti gé e tán kí n tó rántí pé n kò béèrè àwọ̀ tó fẹ́. Mo ká a, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí kílíníìkì àwọn aláìsàn kíndìnrín tí kò sí nínú ìwádìí, èmi nìkan ni mo lọ. N kò sọ fún un. Ìlà gùn, àga ò tó, nígbà tó sì kàn mí, akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ káàdì tuntun fún mi. Ó béèrè ọjọ́ orí mi, mo sọ ọ́. Ó béèrè iṣẹ́ mi, mo ní télọ̀ ni mí.

"Ta la máa pè bí nǹkan bá ṣe yín, mà?"

Ní gbogbo ayé mi, èmi ni wọ́n máa ń pè. "Kò sí," ni mo wí. "Ẹ fi àlàfo yẹn sílẹ̀."

Ọwọ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ọ̀dà pupa àti búlúù ló wà lára gbogbo ìka rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni. Ó ti fi kíláàsì sílẹ̀ fún tíṣà ẹnìkejì rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Nọ́ọ̀sì Ẹ-Dákun-Ẹ-Jókòó ló sọ ọjọ́ náà fún un. Ó gba báírò lọ́wọ́ akọ̀wé, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú àlàfo náà, ọ̀dà búlúù sì yí káàdì náà létí.

"Kí lẹ jẹ́ sí wọn?" ni akọ̀wé bi í.

Mo la ẹnu láti sọ pé àbúrò mi ni, èmi ni mo tọ́ ọ. Jẹ́jẹ́ gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó sì dáhùn fúnra rẹ̀.

"Èmi ni mo ni wọ́n."

Akọ̀wé wò wá. Ó ní irú ìyẹn kò sí lórí káàdì, àbúrò ni tàbí ọmọ ni? Jẹ́jẹ́ ní kí wọ́n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́. Mo ń sunkún níwájú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà, n kò sì dá sí i. Akọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.